Ó Ní Òun Ń Lọ Wẹ̀ Lókun, Àṣé Ojú Ọ̀run Ló Ń Lọ

Lynelle Rossiter fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Ó ní kí n má fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ibi tó ti òun lójú jù lọ. Ó ní bí ẹnì kan bá fi òun rẹ́rìn-ín, tó sì ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n, èrè òun nìyẹn.

Ilé ìtajà oògùn kan ní Tarrabee, létí òkun níhà gúúsù Sydney, ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ páìpù omi ni Clive ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ ilé ara wọn, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Fífò ló kó sí Lynelle lórí. Kì í ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú o. Ti ìyẹ́ aláṣọ ni, èyí tí èèyàn máa ń fi okùn so mọ́ra, tí á fi sáré díẹ̀ létí òkè, tí afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ wá kọlu òkè á sì gbé e nílẹ̀ bí ẹyẹ. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dára lórí Òkè Tarrabee, èèyàn lè máa lọ, kó máa bọ̀, lókè etíkun, títí ebi á fi pa á.

Ọdún tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ló balẹ̀ sórí àpáta, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Clive ló pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn etíkun. Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà tán, Clive fa àga mọ́ ọn.

"Lyn, mo bẹ̀ ẹ́. Ta nǹkan yẹn."

"Màá tà á."

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

Ó sì fẹ́ tà á lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ san, ó ní kí òun gbé àpò ìyẹ́ náà jáde, kí òun gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù kí ẹni tó máa rà á tó dé. Bó ṣe tú u báyìí, òórùn iyọ̀ àti koríko gbígbẹ tó wà lára aṣọ náà lu imú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ títà bá ibẹ̀ lọ. Ó dì í padà, ó sọ ọ́ sínú búùtù ọkọ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó bò ó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Clive pé òun fẹ́ máa lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún omi òkun tí ìlú fi òkúta mọ síbi àpáta.

"Ìyẹn á dáa fún ọrùn ẹsẹ̀ ẹ," Clive wí. Inú rẹ̀ dùn. Ó tilẹ̀ bá a wá aṣọ ìnura.

Bí irọ́ ṣe wọ ilé wọn nìyẹn.

Irọ́ kì í dá gbé. Bí Lynelle bá ti fò tán, ó gbọ́dọ̀ yà níbi ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ adágún náà, kó rẹ aṣọ ìwẹ̀, kó rẹ tówẹ̀lì, kó bu omi sórí. Lọ́jọ́ kan, Clive fi imú kan irun rẹ̀ bó ṣe ń kọjá ní kíṣìnì.

"Irun ẹ ò rùn bí omi òkun."

"Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, ó wá ike kan tó ń bu omi òkun sí. Ẹ wo ìyá àgbà tó ní ọmọ-ọmọ, tó dúró síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, tó ń da omi iyọ̀ sí ara rẹ̀ lórí.

Èyí tó burú jù ni ti Gwenda. Clive bi í pé ta ni wọ́n jọ ń wẹ̀. Ẹnu Lynelle kò sì dúró. Ó ní Gwenda ni, obìnrin kan tó ń ṣàìsàn orúnkún. Kò sí Gwenda kankan níbì kankan. Ṣùgbọ́n aláàánú ni Clive. Gbogbo Sátidé ló ń béèrè.

"Orúnkún Gwenda ńkọ́?"

"Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀."

"Ó yẹ kó lọ rí dókítà."

"Mo ti sọ fún un."

Ní orí òkè náà, ẹni tó ń bójú tó ààbò wọn ni Anneke Vos. Obìnrin yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó tínrín bí ọ̀pá, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Òun ló kọ́ Lynelle ní fífò. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ má dá fò, kí ẹnikẹ́ni má gbéra nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti lágbára ju ìyẹ́ rẹ̀ lọ, kí gbogbo ẹni tó bá gòkè sì ní ẹnì kan nílẹ̀ tó mọ ibi tó wà.

"Lynelle, ta ló mọ̀ pé o wà níbí lónìí?"

"Clive mọ̀."

"Ó fọwọ́ sí i, pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe rí?"

"Ó fọwọ́ sí i. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ọkọ rere lo ní. Sọ fún un kó wá bá wa mu tíì níbí lọ́jọ́ kan."

"Màá jíṣẹ́."

Ẹ ò rí i pé irọ́ ti di méjì. Ó fi ọ̀kan pamọ́ sílé, ó fi ọ̀kan pamọ́ sórí òkè, òun náà wá ń rìn láàárín méjèèjì bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì.

Clive ní eré tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù orí koríko ni, èyí tí àwọn àgbàlagbà máa ń wọ funfun ṣe, tí wọ́n á máa yí bọ́ọ̀lù wúwo jẹ́jẹ́ kó lè lọ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan. Ẹ̀yìn òkè ni pápá náà wà, ní àárín ìlú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Clive dé ìdíje àṣekágbá, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣeré. Lynelle ṣèlérí pé òun máa gbé kéèkì oníṣokoléètì tí wọ́n yí nínú àgbọn wá nígbà tíì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà, Lynelle pe Anneke lórí fóònù, bí ẹni tó kàn fẹ́ kí i.

"Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo wà," Anneke wí. "Kò sẹ́nì kankan lórí òkè lónìí. Afẹ́fẹ́ líle ń bọ̀ láti gúúsù. Má fò o."

"Mo gbọ́."

"Mo gbọ́ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Sọ pé o ò ní fò."

"Mi ò ní fò."

Ojú ọ̀nà tó lọ sí pápá bọ́ọ̀lù gba etí òkè kọjá. Lynelle ní òun kàn fẹ́ wo òkun ni. Ó dúró, ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ òkun dúró sójú kan lókè bí ẹni tí wọ́n fi òwú so. Koríko tẹ̀ díẹ̀, ó nà padà, ó tún tẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà rọ̀, ó sì dọ́gba, ó fẹ́ lu ojú rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ń sọ ṣì jìnnà. Ọkàn náà tún ní kó fò fúngbà díẹ̀ péré, kéèkì ò ní bàjẹ́.

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Ó ṣí búùtù.

Ó fara balẹ̀ tẹ́ ìyẹ́ náà. Ó yẹ okùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó de akoto, ó fa bẹ́líìtì itan àti ti àyà wò, ó fọwọ́ kan páráṣúùtù ìgbàlà. Gbogbo nǹkan ló yẹ̀ wò, àfi ìlérí tó ṣe.

Ìṣísẹ̀ díẹ̀ báyìí, ilẹ̀ ti kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Lynelle sọ fún mi pé kò sí bí òun ṣe lè ròyìn ayọ̀ náà tí kò ní dà bíi pé òun ń wá àwáwí. Ó gba iwájú òkè lọ, ó yí padà síhà òkun, ó gba ibẹ̀ bọ̀. Ẹyẹ kan bá a rìn, ó wo ojú rẹ̀, ó ya lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Orin náà ló jẹ́ kó pẹ́ kó tó rí i pé òkun níhà gúúsù ti dúdú, pé ìfófòó funfun ti ń sáré bọ̀ lórí rẹ̀.

Ìró okùn ló kọ́kọ́ yí padà. Wọ́n ti ń kùn tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń súfèé.

Ó wo ilẹ̀. Òpó ọgbà kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Iwájú òkun ló kọjú sí, àmọ́ òpó náà kò kọjá sẹ́yìn. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Òpó náà ti ń lọ síwájú. Àṣé òun ló ń fi ẹ̀yìn rìn.

Ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀pá tó máa ń mú kí ìyẹ́ yára. Ó tì í dópin. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ló ń lọ. Kò sí Anneke nílẹ̀ tó máa bá a sọ̀rọ̀ lórí wọkitọ́kì. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ̀ pé ó wà lókè.

Ohun tó gbà á là ni ẹ̀kọ́ tí Anneke ti fi dá a lágara. Afẹ́fẹ́ tó bá gorí òkè kọjá máa ń ṣubú sẹ́yìn òkè, tí á máa pòòyì bí omi lẹ́yìn àpáta. Ibẹ̀ ló ń pa èèyàn. "Bó bá ti gbé ẹ kọjá, tí o ṣì ga, má bá a jà níbẹ̀," Anneke máa ń wí. "Kẹ̀yìn sí i, jẹ́ kó gbé ẹ jìnnà sí òkè dáadáa. Wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí o sì kọjú sí afẹ́fẹ́ kí o tó balẹ̀."

Ó kẹ̀yìn sí i. Afẹ́fẹ́ jù ú sí àárín ìlú bí ewé.

Òrùlé. Wáyà iná. Ọgbà ilé ìwé tí igi yí ká. Wáyà iná mìíràn. Lẹ́yìn náà ló rí ilẹ̀ kan, onígun mẹ́rin, tó tutù yọ̀yọ̀, tó tẹ́jú bí tábìlì. Àwọn èèyàn kéékèèké aláṣọ funfun dúró lórí rẹ̀.

"Ibòmíràn," Lynelle wí sókè. "Ọlọ́run, mo bẹ̀ yín, ibòmíràn."

Kò sí ibòmíràn.

Ní àkókò yẹn gan-an, Clive ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn mú ẹnu dákẹ́. Òjìji kan gba orí koríko kọjá. Ó wòkè.

Lynelle kọjú sí afẹ́fẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ tààrà bí ẹni ń gba àtẹ̀gùn. "Ẹ yà lọ́nà," ó pariwo. Àwọn bàbá aláṣọ funfun pín sí méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dára débi tí Anneke ì bá fi pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbá aṣọ náà mú kó tó rí i fà wálẹ̀, ó fi ìdí wọ́ ọ la pápá já, ó gbá gbogbo bọ́ọ̀lù káàkiri, àfìgbà tí bàbá kan fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀. Apá tó kù lọ bo tábìlì tíì.

Dulcie Hargreave, ààrẹ ẹgbẹ́ náà, jáde láti abẹ́ aṣọ pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. Ó wo Lynelle láti òkè délẹ̀.

"Lynelle, bàtà tí ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ nìkan la fi ń tẹ koríko yìí."

"Ẹ má bínú, Dulcie."

Clive ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ Lynelle méjèèjì wò.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ níbì kankan?"

"Rárá."

"Ó dáa." Ó gbọn koríko kúrò lórúnkún rẹ̀. "Ìwẹ̀ ńkọ́?"

Lynelle ń tú bẹ́líìtì àyà rẹ̀.

"Gwenda ńkọ́?"

"Clive."

"Ṣé Gwenda wà rárá?"

"Kò sí."

"Mo ra ìpara orúnkún fún un," Clive wí. "Ó wà nínú ọkọ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gba pápá kan. Díẹ̀ ló kù kí Lynelle náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló rí i pé Clive kò rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ.

Wọ́n tún ìdíje náà ṣe. Clive fìdí rẹmi.

Òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Lynelle padà lọ sórí òkè kí Lynelle lè gbé tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń mi ọkọ̀ jìgìjìgì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Clive kò bọ́ sílẹ̀. Òkun ló ń wò.

"O mọ̀ pé omi ló gbé Neville lọ," ó wí.

Neville ni àbúrò rẹ̀. Lynelle mọ̀ pé ó kú sómi ní kékeré. Clive kì í sọ ọ́ kọjá ibẹ̀.

"Ó sọ fún ìyá wa pé òun ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Ẹja ló lọ pa lórí àpáta. Pápá bọ́ọ̀lù la ti ń wá a kiri, à ń bi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹnì kan fi máa ronú kan etíkun, ilẹ̀ ti ṣú."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Lyn, kì í ṣe torí pé o fò ni mo ṣe ń bínú. Ká ní o já síbì kan lónìí, ibi adágún ìwẹ̀ ni ǹ bá lọ. Ǹ bá máa bi gbogbo wọn bóyá wọ́n rí Gwenda."

Lynelle sunkún. Kò wá àwáwí, kò sì sọ pé afẹ́fẹ́ ló tan òun.

"Mo purọ́ fún ẹ," ó wí. "Mo pa á lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn. Má bínú."

"Màá bínú fúngbà díẹ̀ ná," Clive wí. "Jẹ́ kí n bínú."

Ó bínú lóòótọ́. Kò pariwo, kò jágbe, àmọ́ Sátidé dé, kò béèrè ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ. Lynelle sọ fún mi pé àìbéèrè yẹn dùn òun ju ẹsẹ̀ tó kán lọ.

Fúnra rẹ̀ ló lọ bá Anneke kí ẹlòmíràn tó sọ fún un. Anneke gbọ́ ọ tán.

"O balẹ̀ dáadáa," ó wí. "Ohun kan ṣoṣo tí o ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bí Dulcie bá mú ẹjọ́ wa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á ti òkè yìí pa mọ́ gbogbo wa. Ṣé o rò ó?"

"Mi ò rò ó."

"Ìwọ kò ní fò títí ìgbà òtútù á fi kọjá. Àmọ́ wàá máa wá. Wàá máa di ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ mú, wàá sì máa sọ fún àwọn tó fẹ́ fò bóyá ó dáa tàbí kò dáa."

Lynelle tún lọ bẹ Dulcie. Dulcie ní ẹjọ́ kò sí, àmọ́ koríko tó fi ìdí ya yẹn, Lynelle fúnra rẹ̀ ni yóò gbìn ín padà. Ó kúnlẹ̀ gbìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn bàbá ń kọjá, wọ́n ń wòkè, wọ́n ń bi í bóyá ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀.

Láàárín ìgbà òtútù, Lynelle ń gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dání létí òkè ní Sátidé kan nígbà tó rí ọkọ̀ Clive tó ń gòkè bọ̀. Clive bọ́ sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Mo wá wo ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀, tó fi tó irọ́ pa," ó wí.

Anneke gbé tíì fún un. Wọ́n jọ wo àwọn tó ń fò. Kò pẹ́ tí Clive fi bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí ẹni tí òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í fi yà fún ẹni tó ń bọ̀ níwájú? Kí ló dé tí wọn kì í fi yí sí ìhà òkè? Òṣìṣẹ́ omi ni. Ó mọ bí nǹkan tó ń ṣàn ṣe ń hùwà níbi kọ̀rọ̀. Anneke fa ìlà afẹ́fẹ́ sórí iyanrìn fún un, ojú rẹ̀ sì là. Ó padà wá ní Sátidé kejì. Ó fi ilé sílẹ̀ kí Lynelle tó jí ní ẹ̀kẹta.

Nígbà tí òtútù kọjá, Anneke gbé ojú sókè wo òkun, ó wo ẹ̀rọ, ó wo Lynelle.

"O lè fò lónìí," ó wí. "Àmọ́ èmi nìkan kọ́ lo máa bi."

Lynelle yí sí ọkọ rẹ̀.

"Clive, mo fẹ́ lọ fò."

Clive wo ọ̀run, ó wo koríko, ó gba wọkitọ́kì lọ́wọ́ Anneke.

"Lọ," ó wí. "Mò ń wò ẹ́."

Ó fò. Kò kọrin lọ́tẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Nígbà tó yá, ó rí i pé ìyẹ́ rẹ̀ ti ń fà sí apá kan, pé afẹ́fẹ́ kò kọlu òkè tààrà mọ́, ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wá. Àwọn mìíràn ṣì ń fò. Ó yí sí ibi ìbalẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Clive bá a káṣọ.

"O tètè sọ̀."

"Afẹ́fẹ́ ti ń yí."

"Mo rí i," Clive wí. "Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì wọkitọ́kì tipẹ́."

"Kí ló dé tí o ò fi pè mí?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá sọ̀ fúnra ẹ."

Lynelle dúró, apá aṣọ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ká ní mi ò sọ̀ ńkọ́?"

"Ǹ bá pariwo débi pé Dulcie á gbọ́ ọ lórí pápá," Clive wí. Ó gbé àpò náà kọ́ èjìká ara rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ wá nǹkan jẹ."